Wọ́n Gé Orùlé Mọ́tò Adéagbo

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

Comfort kò pariwo. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Bíbélì àti ìṣirò kì í pariwo. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n débi pé àwọn tó ń lu irin nínú ọgbà Àtàndá dáwọ́ dúró. Orùlé mọ́tò ọkọ rẹ̀ ló wà nílẹ̀ nínú koríko yẹn, tó dojú dé bí àwo tí ẹnìkan jẹun tán tó sì gbàgbé síbẹ̀. Mọ́tò fúnra rẹ̀, Píjò funfun tí gbogbo Ifẹ̀ fi mọ Adéagbo láti ìgbà tó ti ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, dúró láìlórí lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ìjókòó rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún oòrùn bí ara ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lójú ọjà.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e." Dúrósinmí ló dáhùn. Ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. "Ṣé ẹ fẹ́ nà mí ni, Ìyá Fúnṣọ́? Ẹ rántí pé mi ò sí ní kíláàsì yín."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Dúrósinmí, ọmọ ìyá kan náà. Pákó ló ń tà lẹ́bàá títì ní Ẹdúnàbọ̀n. Nígbà tí Comfort ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé, ọmọdé tó ń gbé síléètì kiri ni. Comfort ló ń sè fún un, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ wo irú èso tí oore ń so nígbà mìíràn.

"Akọ̀wé mi," ó wí, "ẹ̀gbọ́n yín kò tíì kú."

"Ta ló ní ó ti kú?"

"A kì í pín ogún alààyè."

"Mi ò pín nǹkan kan. Mo yá a ni. Oyè Bàbá Ìjọ mi kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìlú ló máa jáde. Ṣé kí n wá jókòó sínú mọ́tò, kí wọ́n máa yọjú wò mí lójú fèrèsé bí ẹni tí ọlọ́pàá mú? Mo máa dìde dúró nínú rẹ̀ ni, kí n máa juwọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, tapólì dúdú ló máa wà lórí rẹ̀, èyí tó ṣeé ká sẹ́yìn, tó tún ṣeé fà borí bí òjò bá dé. Àwọn òyìnbó ń wá irú rẹ̀ lójú méjèèjì. Mọ́tò tí ẹ máa gbà padà á dára ju èyí tí mo gbé wá lọ."

"Ẹ̀yin náà ní ọkọ̀."

"Ọkọ̀ akẹ́rù ni tèmi. Ṣé orí pákó ni kí Bàbá Ìjọ dúró sí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Àtàndá tó ni ọgbà náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílu ara mọ́tò tó ti bàjẹ́ kó lè padà bọ̀ sípò, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn iwájú Píjò náà ló ń bá jà. Bó ti ń tì í ló ń ṣí padà. Ó fi orúnkún tì í, ó tún ṣí.

"Kí ló dé tí ilẹ̀kùn yẹn ò fi pa dé?" Comfort bi í.

"Màmá, ẹ má fòyà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni orí mọ́tò gígé. Gbogbo bọ́lẹ̀kájà tó ń ná Ifẹ̀ sí Ìbàdàn láyé ọjọ́un, èmi àti ọ̀gá mi la gé orí wọn tí a fi pákó kàn wọ́n. Ìkankan nínú wọn ò ṣẹ́. Ilẹ̀kùn yìí kàn ń ṣe oríkunkun ni; bí a bá lù ú, á gbọ́."

Òótọ́ ló sọ nípa bọ́lẹ̀kájà. Ṣùgbọ́n bọ́lẹ̀kájà ní irin gbọọrọ méjì tó nà gbalaja lábẹ́ rẹ̀, àwọn irin wọ̀nyí ló sì ń ru gbogbo ẹrù. Gé orí rẹ̀, kò ní mọ̀. Píjò kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Orùlé àti ilẹ̀ rẹ̀ ló jọ gbé ara wọn ró. Ẹni tó bá fẹ́ mú orùlé kúrò, irin ni ó yẹ kó kọ́kọ́ jó mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi le, kó tó fi ayùn kàn án. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọgbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ èyí. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ló tàn wọ́n jẹ.

"Ta ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìyàwó kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti fọwọ́ sí i."

"Ọwọ́ wo?" Comfort sún mọ́ ọn. "Ọwọ́ wo ló fi fọwọ́ sí i, Akọ̀wé?"

Dúrósinmí da èèpo ẹ̀pà nù.

Ọwọ́ ọ̀tún Adéagbo ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ náà sì ti kú. Ọyẹ́ méjì ti fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ báyìí láti àárọ̀ tó ṣubú sí ẹ̀bá kànga, tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba apá kan ara rẹ̀, tó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo ènìyàn máa tò sí ìlà nìyí, tí ìyọ̀ àti ọṣẹ di ohun tí à ń fi ìgúnpá wá; nínú gbogbo ìlà tí Comfort tò sí, èyí tó wà ní ọsibítù nìkan ni kò ráhùn lé lórí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń na apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí irú àrùn yìí dá dúbúlẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Comfort.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Iṣan tí a bá fi sílẹ̀, ńṣe ló máa ń le bí awọ tó gbẹ. Bó bá le tán, kò sí ohun tí a tún lè ṣe."

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mọ́tò lọ gan-an ni àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Adéagbo gbéra. Ó gbéra díẹ̀, ó sì tún wálẹ̀. Comfort rí i. Ó sunkún lórí ìka kan ṣoṣo bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún.

Kò sí mọ́tò mìíràn tó gba Adéagbo. Ọkùnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ká mọ́. Ṣùgbọ́n irin ìdìmú kékeré kan wà lára orùlé Píjò náà, lókè ẹnu ilẹ̀kùn. Adéagbo a fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó le di irin náà mú, a fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, Comfort a gbé ẹsẹ̀ tó kú wọlé, a sì fi èjìká tì í ní ìbàdí títí yóò fi yọ́ sórí ìjókòó. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni yóò yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò jókòó sídìí ọkọ̀, yóò sì wà á lọ, nítorí Adéagbo fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà nínú Píjò yìí, nígbà tí ọmọ wọn Fúnṣọ́ ṣì wà láyé. Éèyi ló pa Fúnṣọ́. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Láti ìgbà náà Comfort kò bí òmíràn, àmọ́ orúkọ òkú ọmọ yẹn ni gbogbo ayé ṣì ń pè é mọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Nítorí àìrọ́mọbí yìí ni ẹbí fi mú Sẹ̀gilọlá wá, tó di ìyàwó kékeré.

Nígbà tí Comfort padà dé ilé wọn ní Mayfair, ní Ifẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sẹ̀gilọlá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kun èékánná.

"Ìyáálé, ẹ káàbọ̀. Ojú yín rí bí ẹni tó ti Ẹdúnàbọ̀n bọ̀."

"Sẹ̀gi, o fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. O ní wọ́n fẹ́ lọ yí ọ́ìlì rẹ̀ padà ni."

"Ọmọ ìyá ọkọ wa ni mo fún. Ṣé olè ni?"

"Wọ́n ti gé orí rẹ̀."

"Àwọn tó gé e máa fi òmíràn dé e. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, kí ẹ mu omi."

"Kí ni màá fi gbé ọkọ wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ní in ni? Èmi bi í kí n tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

Wọ́n wọlé lọ bá Adéagbo lórí ibùsùn. Comfort kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Fúnṣọ́, ṣé ẹ ní kí wọ́n gbé mọ́tò lọ?"

Adéagbo wò ó lójú. Ó mi orí sókè sódò: bẹ́ẹ̀ ni.

Sẹ̀gilọlá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti gbọ́."

"Bàbá Fúnṣọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ kò ní kí wọ́n gbé e?"

Ó tún mi orí sókè sódò. Omi ń dà lójú rẹ̀. Àrùn náà ti gba "rárá" lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti gba ọ̀rọ̀. Ohun gbogbo tí ènìyàn bá bi í, bẹ́ẹ̀ ni ló ń jẹ́, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Kò sí adájọ́ kan láyé tó lè gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó fi orí mímì yìí ṣe àṣẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bi í.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," Sẹ̀gilọlá wí. "Ẹ tún bi í bóyá èmi ni mo fi ayùn gé e. Ẹni tí kò rọ́mọ tọ́, tó wá sọ ọkọ di ọmọ. Ìyá òkú."

Comfort dìde. "Sẹ̀gilọlá, ṣé ire lo fi ń ro ọkùnrin yìí?"

"Ire ni. Mo fi ọmọ tí n ó bí búra."

Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ búra.

Comfort gbé ẹjọ́ lọ sí Òkèrèwè, sọ́dọ̀ Mojíre, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ àgbà ẹbí. Obìnrin líle ni Mojíre. Inú rẹ̀ kò burú, àmọ́ ó fẹ́ràn iyì ilé bàbá rẹ̀ ju òótọ́ lọ, àwọn tó sì rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́tàn máa ń kọ́kọ́ rí lò.

"Ìyàwó, fìdí lélẹ̀. Mo ti gbọ́. Dúrósinmí ti wá sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó dá mọ́tò padà, kó ti ẹ̀ jẹ́ bó ṣe wà yẹn. Mo lè fi okùn so nǹkan kan tí ọkọ mi á máa dì mú."

"Kó wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ jẹ oyè? Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ta ló tún fi oyè wọ agbo-ilé yìí? Bí ọmọ ọkọ bá mú nǹkan nílé ọkọ, a kì í pè é lólè. Ẹ̀yin ìyàwó ni ẹ ń fi ẹjọ́ fa ilé ya."

"Ẹ̀gbọ́n mi, apá àbúrò yín ti ń jí."

"Á tún máa jí. Ṣé tasí ti tán ní Ifẹ̀ ni? Ọmọ tó o tọ́ fún wa ló ń gòkè, o ń fà á lẹ́sẹ̀. Dìde, lọ sílé, kí o sì múra. Lọ́jọ́ oyè, iwájú àwọn ìyàwó ilé ni màá ti wá ojú rẹ."

Comfort kúnlẹ̀, ó tẹríba títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Mojíre ti yíjú sí ibòmíràn.

Ó gbìyànjú tasí. Ó bẹ awakọ̀ kan, awakọ̀ náà sì ṣe sùúrù, ó fa ìjókòó sẹ́yìn títí dé ibi tó lè dé. Adéagbo na ọwọ́ òsì sókè, ó ń wá ohun tí yóò dì mú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó di afẹ́fẹ́ mú, ó sì ṣubú sínú gọ́tà tòun ti Comfort. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọjá ló bá wọn gbé e wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bó, ẹrẹ̀ ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Bí Comfort ti ń nù ún ló ń wo ògiri. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ tó dára yẹn ni yóò fi di igi ibùsùn mú, kò sì sẹ́ni tó lè tú u.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Comfort ń na apá náà fúnra rẹ̀ bó ti rí i tí wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó yẹ kó tẹ̀ àti ibi tí kò yẹ, Adéagbo a sì máa kérora. Àtàǹpàkò kò gbéra mọ́. Ìgúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọ inú. Nígbà tí ó ń gbàdúrà, kò bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn mọ́. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ọkọ òun má mọ̀ pé òun ti dẹ́kun ìrètí.

Nígbà tí oyè ku ọ̀túnla, Sẹ̀gilọlá di ẹrù.

"Ìyá mi ò gbádùn ní Ẹdẹ. Mi ò ní lè wà níbi oyè. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìjọ."

"Ọlọ́run á wò wọ́n sàn," Comfort dáhùn, tọkàntọkàn ló sì fi wí i. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ètò tí ìjọ ṣe ni pé kí gbogbo ènìyàn dúró de Dúrósinmí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mojíre ló yí i padà láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ọmọ ìyá mi kò ní wọ̀lú bí ọmọ òrukàn. Lójú ọ̀nà la ti ń pàdé ẹni tí a bá ń yẹ́ sí." Bí wọ́n ṣe kó àwọn ìyàwó ilé àti ẹgbẹ́ akọrin jáde lọ sí ẹ̀bá títì ní Mayfair nìyẹn, tí Comfort wà níwájú wọn nínú aṣọ funfun tó ti gbó. Ó ti ní kí ará ilé kejì bá òun dúró ti ọkọ òun. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Dúrósinmí, nítorí bí ènìyàn bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pàdé òun, ẹ̀yẹ náà ti dín kù.

Píjò náà yọ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Àárín rẹ̀ ti rì, ó sún mọ́ ọ̀dà bí ikùn ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́, síbẹ̀ tapólì dúdú náà wà lórí rẹ̀ ní títì pa, wọ́n sì ta aṣọ sí fèrèsé. Dúrósinmí fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Bó ti rí àwọn obìnrin ló tẹ bíréèkì, ó sì ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ yí padà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń kọrin.

"Ẹ ká a sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká rí yín," ìyàwó ilé kan kígbe.

"Ó há," Dúrósinmí dáhùn láti inú òkùnkùn tapólì. "Ẹ jẹ́ ká dé ṣọ́ọ̀ṣì ná."

"Bàbá Ìjọ ń tijú. Àbí fìlà ni wọn ò tíì rí dé?"

"Mo ní ẹ kúrò lọ́nà."

"Ọkọ wa, a ò ní kúrò. Owó ọ̀nà dà?"

Èyí náà jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ọjọ́ ayọ̀ ni àwọn ìyàwó ilé máa ń dènà de ọmọ ọkọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó kọjá lásán. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó sanra fi ìdí lé ẹ̀yìn mọ́tò náà, wọ́n ń mì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ tẹ iwájú rẹ̀.

Ìró kan sọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí egungun itan bá ṣẹ́.

Àárín mọ́tò náà wólẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè sí ara wọn bí ìwé tí ènìyàn fẹ́ pa dé. Irin tó mú tapólì mọ́ orí díńgí iwájú já, tapólì náà sì ká sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìpéǹpéjú tó là lójijì. Gbogbo ènìyàn sì rí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ìjọ, tó wọ irú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an.

Orin dá.

"Sẹ̀gilọlá," Mojíre wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. "Ṣé Ẹdẹ ti dé Mayfair ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti rí mi. Wọ́n kàn ní kí n wọlé, pé n ó sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ojú ọ̀nà náà ni wọ́n ti rán aṣọ fún ọ?"

Sẹ̀gilọlá fa ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Dúrósinmí fi èjìká gbá tiẹ̀, irin ti fún un pa. Mọ́tò tí kò gbà kí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé ní Ẹdúnàbọ̀n kò gbà kó ṣí mọ́ ní Mayfair. Kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí wọ́n gun ara rẹ̀ jáde bí ewúrẹ́ tó ń fo ọgbà. Bí Sẹ̀gilọlá ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni ìró rẹ̀ tú, ó dì í mú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ti bímọ rí. Wọ́n mọ ikùn tó jẹun yó yàtọ̀ sí ikùn tó gbé ọmọ.

"Adéagbo kò lè gbé ṣíbí sẹ́nu," Mojíre wí. "Ta ló fún ọ lóyún?"

"Obìnrin yìí ló tàn mí," Dúrósinmí sáré sọ. "Òun ló mú kọ́kọ́rọ́ wá. Òun ló ń tẹ̀ lé mi kiri. Mi ò mọ ohunkóhun nípa oyún."

Kò sí ohun tó ń ba ẹlẹ́gbẹ́ ìkà nínú jẹ́ bíi kí ẹnìkejì rẹ̀ dá a dá ẹrù náà. Sẹ̀gilọlá jókòó sórí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan ní inú, ẹsẹ̀ kan ní ìta.

"Ìwọ Dúrósinmí, o ò mọ ohunkóhun? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní bí a bá ti gba mọ́tò kúrò lọ́wọ́ ìyáálé, kò ní rí ọ̀nà gbé ọkọ wa dé ọsibítù mọ́? Ìwọ kọ́ lo ní kò ní pẹ́ kó tó lọ, pé bó bá ti lọ, ìwọ ni àbúrò, ìwọ ni wọ́n á ní kó ṣú mi lópó, tí oyún yìí á sì ní bàbá lójú ayé? Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò kàn yá mọ́tò lásán. O ní bó bá lórùlé, wọ́n á tún gbà á padà lò. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

Ìyàwó Dúrósinmí ti kó lọ sí Èkó lọ́jọ́ pípẹ́ láìsọ ìdí. Lọ́jọ́ náà ni gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Pásítọ̀ tó ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́yìn èrò, ó ká aṣọ oyè tó gbé lápá, ó sì yí padà láìsọ ohunkóhun. Àwọn kan ti ń hó. Ẹnìkan ju èèpo ọsàn. Mojíre bọ́ gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sì di ọwọ́ lérí.

Comfort nìkan ló sún mọ́ mọ́tò náà. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò ṣépè, wọ́n sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, èpè náà ì bá sì jà.

"Akọ̀wé," ó wí, "ṣé ẹ mọ̀ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbéra?"

Dúrósinmí wo ilẹ̀.

"Ó ti gbéra. Mo fẹ́ wá sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo wá sí Ẹdúnàbọ̀n. Mo rò pé inú yín á dùn."

Ìjọ gba oyè kí wọ́n tó fi í jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ra pákó lọ́wọ́ Dúrósinmí ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tó gbà lọ. Sẹ̀gilọlá lọ sí Ẹdẹ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ara rẹ̀ le koko, tí ìtìjú sì dá dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́. Àtàndá wá bẹ̀bẹ̀ ní Mayfair, ó ní òun kò mọ̀. Comfort fún un lómi mu. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mojíre náà wá. Ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé bàbá rẹ̀, ohun tí ojú kò rí rí ní Òkèrèwè.

"Ìyàwó mi, èmi ni mo pa apá àbúrò mi. O wá bá mi, mo ní kí o lọ wọ tasí."

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ tutù."

Mojíre wá ọkọ̀ ńlá kan àti àwọn ọkùnrin alágbára tí wọ́n gbé Adéagbo lọ sí ọsibítù lórí ibùsùn rẹ̀. Obìnrin tó ń na apá mú ìgúnpá náà, ó gbìyànjú láti tú u, ó tún gbìyànjú. Adéagbo ké. Obìnrin náà rọra gbé ọwọ́ padà lé e láyà.

"Màmá," ó bi Comfort, "níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

Mojíre ló bú sẹ́kún.

Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn kò yé wá sí Mayfair. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin wá, àwọn tó ti sọ pé ó ń fa ọmọ ọkọ lẹ́sẹ̀ náà wá. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ìyá Fúnṣọ́, Ọlọ́run ti dá yín láre." Comfort a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì gbé àga fún wọn. Àre náà wá lóòótọ́. Ó jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí àlejò tó pẹ́ dé, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń sọ ọ́ lọ́wọ́, yóò tọrọ àyè, yóò wọ yàrá lọ, yóò ki apá méjèèjì bọ abẹ́ ọkọ rẹ̀, yóò sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí egbò má baà jẹ ẹ́ lẹ́yìn.